Abẹ́rẹ́, Òwú àti Ẹgbẹ́ Akàwé Wa ní Sakasaka

Ọmọ-ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ bi mí bóyá iṣẹ́ ìwé rírán ṣì jẹ́ iṣẹ́ téèyàn lè kọ́ láyé ìsìnyí. N kò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Mo rò ó pé ohun tí mo bá sọ lórí ìdúró kò ní tó. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó láti kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí, kí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kà á, kí wọ́n sì fúnra wọn pinnu.

Sàláwátù ni orúkọ mi. Ní Tamale, ní àríwá Ghana, ni wọ́n bí mi, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí bàbá mi. Bàbá bàbá mi ló ti Ìlọrin wá ta aṣọ, tí kò padà mọ́. Nínú ilé, Yorùbá là ń sọ. Tí a bá ti dé ẹnu ọ̀nà, ó di Hausa. Tí a bá dé ọjà, ó di Dagbani, èdè àwọn Dagomba tó ni ìlú. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi rán ìwé nínú ìlú yìí. Ibi iṣẹ́ náà ni mo ti rí ẹgbẹ́ akàwé, ibẹ̀ ni mo sì ti rí wàhálà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ẹgbẹ́ náà ká.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tí bàbá mi kú. Ilé ẹ̀kọ́ tèmi parí síbẹ̀. Ìyá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Múmínì, Yorùbá bíi tiwa, tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Sakasaka. Kùránì tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, ìwé ilé iṣẹ́ ìjọba, ìwé àwọn tíṣà, kò sí èyí tí kì í gbà. Ìyá mi kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó gbà mí, ó sì ń fún mi lówó oúnjẹ. Ìyẹn náà tó nípa bí mo ṣe wọṣẹ́.

Oṣù mẹ́fà ni Ọ̀gá kò fi abẹ́rẹ́ lé mi lọ́wọ́. Gọ́ọ̀mù ni mò ń rò. Ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ ni a fi ń rò ó, bí ẹni ro ẹ̀kọ. Bí Ọ̀gá bá ti ìka bọ̀ ọ́ tí ó bá kókó kan péré pàdé, yóò da gbogbo rẹ̀ sí gọ́tà, yóò sì jókòó sí iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Èmi yóò tún gbé ìkòkò kaná. Lẹ́yìn gọ́ọ̀mù, ó di òwú: kí n máa fi ìda oyin pa á kó má baà já. Lẹ́yìn òwú, ó di òlu, irin ṣóńṣó tí a fi ń lu ihò sí ẹ̀yìn ìwé. Bí ihò kan bá fi ìwọ̀n hóró ọkà kan yà sápá kan, Ọ̀gá yóò rí i.

Ọlọ́wọ́ òsì ni. Iwájú rẹ̀ ló máa ń ní kí n jókòó sí, mo sì ń wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni ń wo dígí: bí tirẹ̀ bá lọ sósì, tèmi á lọ sọ́tùn-ún. Ìwé àkọ́kọ́ tí mo rán, ó gbà á, ó fi ìka méjì di ewé kan mú, ó gbọn ìwé náà. Ó tú sílẹ̀. Sísọ́ọ̀sì ló gbé ka iwájú mi kí n fi tú ìyókù. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni mo tú ìwé yẹn, tí mo sì tún un rán. Kò nà mí rí, kò bú mi rí. Ìdákẹ́ rẹ̀ ni mo ń bẹ̀rù. Ó máa ń bá mi délé, ó ń bá mi jẹun.

Ohun kan wà nípa rẹ̀ tí n kò rí lára ọ̀gá mìíràn. Kéwú nìkan ló kà, kò mọ ábídí. Bí wọ́n bá gbé ìwé Yorùbá tí wọ́n fi ábídí kọ wá, ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan tí a ti ìrun dé, ó ti irú ìwé bẹ́ẹ̀ sọ́dọ̀ mi.

"Kà á sí mi létí," ló wí. "N kò fẹ́ máa rán ohun tí n kò mọ̀."

Mo kà á. Télọ̀ kan tó wá gba Kùránì rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń gbọ́. Ní Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀lé e, télọ̀ náà padà wá láìgbé ìwé kankan dání, ó mú ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí bẹ́ǹṣì fi kún. Wọ́n á bá ara wọn jiyàn lórí ohun tí mo kà, Ọ̀gá á máa rán lọ, á kàn máa mi orí. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ kan kà, abẹ́rẹ́ á dúró lọ́wọ́ rẹ̀ títí mo fi máa padà síbẹ̀. Báyìí ni mo ṣe mọ̀ pé èèyàn púpọ̀ lè jọ ní ìwé kan.

Nígbà tí mo gbòmìnira, mo gba ṣọ́ọ̀bù tèmi, kò jìnnà sí tirẹ̀. Mo lọ́kọ, mo bímọ. Iṣẹ́ náà yí padà lójú mi. Ẹ̀rọ fótókọ́pì wọ̀lú, àwọn èèyàn kò sì tún ìwé tó ti gbó ṣe mọ́, wọ́n ń da òmíràn kọ. Lẹ́yìn náà ni rọ́bà oníhò tí a fi ń di ẹ̀yìn ìwé láìrán an dé, èyí tí ọmọ ilé ìwé lè dúró dè fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Èmi náà ra ẹ̀rọ tó ń lu ihò rẹ̀. N kò lè purọ́, ó gbọ́ bùkátà fún mi. Ṣùgbọ́n ìwé tí a fi rọ́bà dì, ọdún kan kì í pé kó tó máa ya lẹ́nu ihò. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń tẹ ẹ̀rọ náà, ó ń ṣe mí bí ẹni ń ṣe ohun tí Ọ̀gá kò gbọ́dọ̀ rí.

Ọjọ́ kan ni ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Mémúnà wọlé. Tíṣà ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, àdúgbò wa ni wọ́n bí i, ọmọ Yorùbá sì ni. Mo bá a sọ Yorùbá, Hausa ló fi dá mi lóhùn. Mo tún sọ ọ́, Hausa náà ni. Ìyá Ràbí, àgbà obìnrin kan tó máa ń bá mi ṣeré ní ṣọ́ọ̀bù, bú sẹ́rìn-ín.

"O ò gbọ́ Yorùbá ni?" Ìyá Ràbí bi í.

Ojú ti ọmọ náà. Ó wá sọ ọ́ ní Yorùbá, díẹ̀díẹ̀: "Mo ń gbọ́, Ìyá. Ẹnu mi ni kò gbé e."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Mo ní kó wá lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ lẹ́yìn ìrun, kí Ìyá Ràbí náà wá. Àwa mẹ́ta la bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìwé ìtàn kan ṣoṣo tí oníṣòwò kan bá mi rà láti Ìlọrin. Lóṣù kan, a di mẹ́jọ. Ìwé kan kò sì lè wà lọ́wọ́ èèyàn mẹ́jọ. Mo ronú lé e títí, mo wá mú sísọ́ọ̀sì, mo tú ìwé náà, mo pín in sọ́nà mẹ́jọ, mo rán ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, mo fi páálí lé e lẹ́yìn. Ẹni tó bá ka apá tirẹ̀ tán á gbé e fún ẹnì kejì. Ẹni tó gba apá karùn-ún ṣáájú apá kìíní ń wá bi wá ta ló kú, ta ló fẹ́ ta, a sì ń kọ̀ láti sọ fún un. Ohun tó mú kí ẹgbẹ́ náà gbèrú nìyẹn, nítorí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá ara wọn kiri ládùúgbò nítorí apá tó kàn.

A pé ogún, a kọjá ogún. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní àwọn ará Ìlọrin kò mọ Yorùbá sọ, àwọn ará Ìlọrin ní àwọn kò gbọ́ tiwọn. Ṣọ́ọ̀bù kò gbà wá mọ́. Ìyá Ràbí bá àbúrò rẹ̀, Àáfà Yàhàyá, sọ̀rọ̀, ó sì fún wa ní iwájú ilé rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀. Lèmọ́ọ̀mù mọ́sáláṣí kékeré kan ni Àáfà, èèyàn tí kì í rẹ́rìn-ín púpọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń jókòó sẹ́yìn, ó ń gbọ́. Ibẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti rí Mémúnà, tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó fi bẹ̀rẹ̀. Inú gbogbo wa dùn sí i.

Lọ́dún náà ni Àáfà gbé ìwé bàbá rẹ̀ jáde.

Kò sí irú ìwé náà níbòmíràn. Àáfà Àgbà, bàbá wọn, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́: bí wọ́n ṣe kúrò ní Ìlọrin, ẹni tó kú lọ́nà, ẹni tí wọ́n bí ní Tamale, ọdún tí òjò pọ̀, ọdún tí ìyàn mú. Yorùbá ni, ṣùgbọ́n lẹ́tà Lárúbáwá ló fi kọ ọ́, èyí tí à ń pè ní àjámì. Ọ̀pọ̀ wa kò lè kà á. Mémúnà lè kà á, nítorí ó jókòó dáadáa nílé kéwú. Àáfà gbà kó mú un lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó dà á kọ ní ábídí kí gbogbo ẹgbẹ́ lè rí i kà.

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tí a bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ọyẹ́ ti dé, ètè gbogbo èèyàn ti ya. Mémúnà jókòó láàárín, ìwé náà lórí ìrọ̀rí níwájú rẹ̀, ìwé tó dà kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ṣàlàyé fún wa pé bí àwọn àáfà àtijọ́ ṣe máa ń ṣe ni Àáfà Àgbà ṣe: kò kọ nọ́ńbà sí ewé, ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ ewé kọ̀ọ̀kan, ó kọ ọ̀rọ̀ tí ewé tó kàn máa fi bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má baà dàrú. Ó ń kà lọ, inú wa ń dùn. Ó dé ìsàlẹ̀ ewé kan, ó dúró.

"Ohun kan wà tí mo fẹ́ fi hàn yín," ló wí. "Ìsàlẹ̀ ibí yìí kọ 'Ọmọ'. 'Òjò' ni ewé tó kàn fi bẹ̀rẹ̀. Wọn kò bára mu. Ó jọ pé ewé kan kò sí níbẹ̀."

Àáfà dìde. Ó gbé ìwé náà lórí ìrọ̀rí, ó wò ó, ó ṣí i síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn.

"Ọwọ́ ta ni ìwé yìí wà lọ́sẹ̀ mẹ́ta yìí?"

"Ọwọ́ mi ni, Bàbá," Mémúnà fèsì. "Bí mo ṣe gbà á ni—"

"N kò bi ọ́ bí o ṣe gbà á."

Kí ẹ lè mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi gbóná bẹ́ẹ̀: ní ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́ ọdún náà, àlejò kan ti wá sí Zongo, àdúgbò àwa tí a ti ibòmíràn wá, ó ń wá ìwé àtijọ́ rà. Ó ti dé ọ̀dọ̀ Àáfà, Àáfà ti lé e. Ó sì dé ilé ẹ̀kọ́ tí Mémúnà ti ń kọ́ni, ó bá àwọn tíṣà sọ̀rọ̀. Gbogbo wa la mọ̀. Mo rí i bí èèyàn ṣe ń wo ara wọn. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ jáde lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti délé dóko pé Mémúnà ti ta ewé kan nínú ìwé Àáfà Àgbà.

Mo ní kí Àáfà jẹ́ kí n wo ìwé náà. Ó ní kí n wò ó níwájú òun.

Mo gbé gíláàsì mi sójú, mo fi àtàǹpàkò la àárín ìwé náà díẹ̀. Ẹni tó ń rán ìwé mọ ohun tí n óò sọ yìí. Abala kan tí a ká sí méjì ló máa ń di ewé méjì. Bí o bá gé ọ̀kan, èkejì á jábọ́, àfi bí o bá fi etí rẹ̀ sílẹ̀ tín-ín-rín, kí o sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ewé tó kàn. Mo rí etí náà. Kò fẹ̀ ju èékánná lọ. Wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù ẹ̀gẹ́ lẹ̀ ẹ́, gọ́ọ̀mù náà ti pọ́n bí èéfín. Kòkòrò ti jẹ ihò kan tó gba inú etí náà kọjá sínú ewé tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó ti pẹ́ gan-an tí wọ́n ti gé e. Mémúnà kò tíì dáyé nígbà náà.

Ẹnu mi ti ń là láti sọ ọ́ nígbà tí ojú mi bọ́ sórí kókó òwú tó wà lẹ́bàá rẹ̀. Apá òsì ni wọ́n ti ta á. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ láyé mi tó ń ta kókó báyẹn.

Mo pa ìwé náà dé.

"Àáfà," mo wí, "gígé yìí ti pẹ́. Kì í ṣe ọmọ yìí."

"Ta ló gé e nígbà náà?"

Mo gbé ìwé náà padà sórí ìrọ̀rí, mo bọ́ gíláàsì mi.

"Ọmọ ẹgbẹ́ yín ni, ẹ̀ ń bò ó," ló wí. "Kò burú. Ní ọjọ́ Sọ́ńdè tó ń bọ̀, àwọn àgbà ilé wa á jókòó. Bí ewé yẹn kò bá tíì dé, kò sí ìgbéyàwó. Kí ẹgbẹ́ yín náà wá ibòmíràn."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gùn. A ní ẹgbẹ́ lórí fóònù nígbà náà, mo ń wò ó bí àwọn èèyàn ṣe ń kúrò níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin kan dá apá ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi láìwọlé kí mi. Ìyá Ràbí kò yọjú. Èmi kò lè jẹun dáadáa. Ọ̀gá Múmínì ti ń lọ sí àádọ́rùn-ún ọdún, ojú rẹ̀ ti fọ́, kò sì sẹ́ni tó sọ ohun búburú nípa iṣẹ́ rẹ̀ rí nínú ìlú yìí. Èmi tó fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́ ni kí n wá dìde láwùjọ, kí n ní ó gé ìwé oníwèé?

Ní ọjọ́ Tọ́sìdeè, Mémúnà wá bá mi. Kò jókòó.

"Màámá, ẹ rí nǹkan nínú ìwé yẹn. Mo ń wo ojú yín."

"Fún mi láyè díẹ̀."

"Lónìí, ìyá ọmọ kan wá yọ ọmọ rẹ̀ kúrò ní kíláàsì mi. Ó ní òun kò fẹ́ kí olè kọ́ ọ." Kò sunkún. Ohùn rẹ̀ balẹ̀, ìyẹn ló dùn mí jù. "Bí ẹ bá mọ̀ tí ẹ kò sọ, kí ni ẹ fi yàtọ̀ sí àwọn tó ń bú mi?"

Ó jáde. Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa ní ọ̀sán gangan, mo wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ sí Changli, níbi tí Ọ̀gá ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin.

Abẹ́ igi ni mo bá a, lórí ẹní. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó mọ ohùn mi. Ó ní kí n mú ọwọ́ mi wá, ó fi ìka tẹ orí ìka mi bó ṣe máa ń ṣe, ó ń wò ó bóyá mo ṣì ń ṣiṣẹ́.

"Ọ̀gá," mo wí, "ẹ rán ìwé Àáfà Àgbà rí."

Ó fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó dákẹ́, ìdákẹ́ tí mo mọ̀ látijọ́.

"Wọ́n ti ń kà á?" ló bi mí nígbà tó yá.

"A ti ń kà á."

"Ẹ ti débẹ̀."

"A ti débẹ̀, Ọ̀gá."

"N kò tíì gbà ọ́ síṣẹ́ nígbà náà. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e wá. Ó dúró tì mí títí mo fi gé ewé yẹn. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó ṣáná sí i níwájú mi, ó ń sunkún bó ṣe ń jó. Ó wá ní kí n gbé ọwọ́ lé Kùránì pé n kò ní sọ ohun tí mo kà níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo búra."

Mo sọ ọ̀rọ̀ Mémúnà fún un, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe?" ló wí. "Kí n da ìbúra ní ọjọ́ orí yìí?"

Gbogbo ọdún tí mo fi mọ̀ ọ́n, n kò gbóhùn sókè sí i rí. Mo gbé e sókè lọ́jọ́ náà. "Ọ̀gá, wọ́n ń pe ọmọ ọlọ́mọ lólè nítorí ohun tí ọwọ́ yín ṣe."

"Máa lọ sílé, Sàláwátù."

Mo lọ. Mo rò pé mo ti ba ti ọ̀gá mi jẹ́, n kò sì rí ti ọmọ náà ṣe.

Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, àwọn àgbà ti pé sí àgbàlá Àáfà nígbà tí mo dé. Mémúnà àti ìyá rẹ̀ jókòó sápá kan, kò sẹ́ni tó jókòó tì wọ́n. Mo lọ jókòó tì wọ́n. Ìyá Ràbí wà láàárín àwọn ẹbí rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Mo ti pinnu láti sọ orúkọ Ọ̀gá fúnra mi. Àáfà béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ohun tó fẹ́ sọ. Mo dìde. N kò tíì sọ gbólóhùn kan tí a fi gbọ́ kẹ̀kẹ́ kan lẹ́nu géètì. Ọ̀gá Múmínì ni, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló fà á lọ́wọ́ wọlé.

Gbogbo ilé dìde kí i. Kò jókòó. Ó ní kí wọ́n gbé ìwé náà fún òun. Ó ṣí i, ó fi ìka wá ẹ̀yìn rẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀, ó ń ka ihò, ó dúró.

"Kókó mi nìyí," ló wí. "Èmi ni mo gé ewé yìí. Ọmọ tí ẹ̀ ń pè lólè, wọn kò tíì bí ìyá rẹ̀ nígbà náà."

Ìyá Mémúnà bo ojú rẹ̀ mọ́ ìborùn.

"Ta ló ní kí ẹ gé e, Bàbá?" Àáfà bi í.

"Ẹni tó kọ ọ́."

"Bàbá mi? Kí ló wà níbẹ̀?"

"Mo búra fún un pé n kò ní sọ."

"Bàbá mi ti kú."

"Èmi kò tíì kú," Ọ̀gá dáhùn. "Ìbúra tèmi ni."

Kò sẹ́ni tó lè bá a jà. Mo ń rò ó pé ọ̀rọ̀ á dúró síbẹ̀, nígbà tí Ìyá Ràbí sọ̀rọ̀ láìgbé ojú sókè.

"Èmi kò búra fún ẹnikẹ́ni," ló wí. "Hàwáù ló wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bí i, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́."

"Ta ní ń jẹ́ Hàwáù?"

"Ẹ̀gbọ́n wa ni, Yàhàyá. Òun ló pọ̀n ọ́. Bàbá ti fi í fún ẹlòmíràn, Hàwáù sì lọ fẹ́ Dagomba kan tó ń wa ọkọ̀. Bàbá ní a kò gbọ́dọ̀ pe orúkọ rẹ̀ nínú ilé yìí mọ́. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà. Ìwọ, ọdún mẹ́ta." Ó mí kanlẹ̀. "Dungu ló gbé títí ó fi kú. A jọ ń ra ẹja lọ́jà kan náà. Ó máa ń wò mí. Èmi a máa wo ẹja."

Àáfà dìde, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, kò padà jáde. Àwọn àgbà dúró díẹ̀, wọ́n túká. Mémúnà lọ kúnlẹ̀ níwájú Ọ̀gá. Ó gbé ọwọ́ lé e lórí.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí Àáfà tó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó kọ́kọ́ gba ilé Mémúnà kọjá, ó bẹ òun àti ìyá rẹ̀ níwájú àwọn ará ilé wọn. Ó wá gbé ìwé náà lé orí tábìlì mi.

"Ṣé ewé tuntun lè wọ inú ìwé tí wọ́n ti rán?"

"Ó lè wọ̀ ọ́, Àáfà. Ṣùgbọ́n á hàn pé tuntun ni."

"Kó hàn," ló wí.

Mo tú ẹ̀yìn ìwé náà, mo fi ewé funfun kan sí i, mo rán an padà. Ìka mi kò gbọ́ràn mọ́ bíi tẹ́lẹ̀, ó sì gbà mí lọ́jọ́ mẹ́ta. Iṣẹ́ ìkẹyìn tí mo fi abẹ́rẹ́ ṣe nìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn báyìí. A ṣe ìgbéyàwó lẹ́yìn òjò. Àwọn tó kúrò nínú ẹgbẹ́ padà wá ní méjì méjì, àwọn kan kò padà mọ́, a kò sì wá wọn lọ. A ti lé ní ogójì báyìí. Mémúnà ló ń darí wa, ó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àjámì. Àwọn kan ń ka tiwọn lórí fóònù, èmi ṣì ń ka ti bébà, a kì í sì í tìtorí ìyẹn jà.

Ohun tí Mémúnà kọ sórí ewé tuntun náà, Dungu la ti gbọ́ ọ. Àáfà ló ní kí a lọ: òun, Ìyá Ràbí, èmi, àti Mémúnà tí Dagbani rẹ̀ yọ̀ jù láàárín wa. Wọ́n ti júwe ilé ọmọ Hàwáù fún wa, obìnrin kan tó ń jẹ́ Ázárà. Oòrùn ń ràn. Àáfà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó gbé ọwọ́ sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó tún gbé e sókè, ó kan ilẹ̀kùn.

Ohùn obìnrin kan dáhùn láti inú ilé: "Bóyá àwọn ni."

Yorùbá ni, kò sì dún bí ẹnu ẹni tó ń sọ Yorùbá. Àáfà wo Ìyá Ràbí. Ìyá Ràbí di apá mi mú.

Obìnrin náà jáde, ó ń nu ọwọ́ tó fi ń fọ abọ́. Mémúnà fi Dagbani kí i, ó bi í bóyá ó gbọ́ Yorùbá. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní rárá, gbólóhùn yẹn nìkan lòun mọ̀. Ó ní ìgbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá ti kan ilẹ̀kùn ni ìyá òun máa ń sọ ọ́, láti kékeré òun títí ó fi kú. Ó ní òun náà ń sọ ọ́. Òun rò pé bí àwọn Yorùbá ṣe ń sọ pé kéèyàn wọlé nìyẹn.

Mémúnà túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Obìnrin náà ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń retí kí a sọ ohun tí a bá wá.

Àáfà bọ́ fìlà rẹ̀.

"Sọ fún un," ló wí fún Mémúnà, "pé àwa ni."